Nọ́ḿbà Wo Ni Ká Fún “Ó Ń Lọ”?

Oslo,
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Kẹsàn-án

Bàbá mi,

Mo kí yín, mo kí Màmá, mo kí òkun tó wà níwájú ilé. Ṣé ara Màmá gba oògùn ti Ọjọ́bọ̀ tó kọjá? Ohun tí mo fẹ́ bi yín lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú nìyẹn, àmọ́ “hẹn” mẹ́ta péré lẹ fi dá mi lóhùn, lẹ bá ní ẹja wà lórí iná. Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé nìyẹn. Nígbà tí mo ṣì kéré tí ẹ máa ń pẹ́ lójú omi, lẹ́tà lẹ máa ń kọ sí wa, ọ̀rọ̀ yín sì máa ń pọ̀ nínú lẹ́tà ju bó ṣe ń pọ̀ lẹ́nu yín lọ.

Mo ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta níhìn-ín. Yàrá mi wà ní àjà kẹfà nínú ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Àwa méje la jọ ń lo ilé ìdáná kan, kálukú ló sì kọ orúkọ rẹ̀ sára páálí mílíìkì rẹ̀ nínú fíríìjì. Ara mílíìkì ni mo ti mọ orúkọ gbogbo wọn. N kò tíì bá ẹnikẹ́ni nínú wọn sọ ju “ẹ ǹ lẹ́” lọ. Nínú ọkọ̀ ojú irin ìgboro, tí àyè méjì bá wà tí ẹnì kan sì ti jókòó sí ọ̀kan, àwọn tó kù á kúkú dúró. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo rò pé òórùn ẹja ló ń jáde lára mi.

Mo tún ṣàkíyèsí pé gbogbo nǹkan ló “dára gan-an” níhìn-ín. Kọfí dára gan-an. Òjò pàápàá dára gan-an. Nílé wa, ẹni tó bá ní nǹkan “kò burú jù” ti yìn ín dé òpin, kò sí ibi tó tún lè gbé e gbà. Mo sọ fún ọmọbìnrin kan pé kéèkì rẹ̀ kò burú jù. Kò tíì wo ojú mi láti ìgbà náà.

Mo ti rí iṣẹ́, ọ̀sán mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ilé iṣẹ́ kan ni, wọ́n ń pe àwọn tó ní mọ́tò oníná káàkiri orílẹ̀-èdè yìí, wọ́n á bi wọ́n ní ìbéèrè mọ́kànlá. Ìkẹsàn-án ló ṣe pàtàkì jù: “Tí ẹ bá máa ra mọ́tò mìíràn, ṣé ẹ máa padà sí èyí tó ń lo bẹntiróò?” Ìdí fóònù ni wọ́n kọ́kọ́ fi mí sí. Bàbá, èèyàn mẹ́rin ni mo pè. Ẹni kẹrin bi mí bóyá mo ṣì wà níbẹ̀, torí mo ti dákẹ́ pẹ́ jù kí n tó béèrè èyí àkọ́kọ́. Ọ̀gá wa, Vibeke, bá gbé mi lọ sídìí kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ mi báyìí ni kí n ka ohun tí àwọn èèyàn fi ẹnu ara wọn sọ, kí n sì fún un ní nọ́ḿbà. Òtútù: méjì. Ibi tí wọ́n ti ń cháàjì jìnnà: mẹ́ta. Mọ́tò kì í pariwo: márùn-ún. Èyí tí kò bá bá èyíkéyìí mu: mẹ́sàn-án. Iṣẹ́ tó bá mi lára mu ni. Àwọn èèyàn á sọ̀rọ̀, èmi á gbọ́, kò sì sẹ́ni tó ń wò mí.

Nínú èèyàn mẹ́wàá, mẹ́sàn-án ló ń sọ pé àwọn ò ní padà. Inú mi dùn gan-an (ẹ ò rí i, ó ti ń ràn mí), torí mo rántí bí a ṣe jà kí ẹ tó gbà láti gbé mọ́tò pupa yín tó ń lo bẹntiróò fún Birger ará ilé kejì, kí ẹ sì ra oníná. Ẹ ní òkè yẹn kò mọ eré. Ẹ wò ó báyìí: mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá.

Báwo ni mọ́tò náà? Kìlómítà ogóje ni láti ilé, gba orí òkè, dé ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń tọ́jú jẹjẹrẹ Màmá, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì lẹ sì ń lọ. Mo ti ṣírò gbogbo rẹ̀ sórí ìwé fún yín kí n tó kúrò nílé. Ṣé ìwé náà ṣì wà lára fíríìjì? Ẹ sì ṣèlérí panla fún mi. N kò tíì rí i.

Èmi ọmọ yín tó ń wo ojú ọ̀nà fún lẹ́tà àti panla,
Solrun


Skarvnes,
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹsàn-án

Solrun,

Lẹ́tà rẹ dé. Màmá rẹ kà á sókè lẹ́ẹ̀mejì, ó ní kí n kí ọ. Wọ́n ń fún un ní oògùn bí dókítà ṣe kọ ọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ló máa ń fi rẹ̀ ẹ́, lẹ́yìn náà á dìde, á bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi jà nítorí bàtà tí mo wọ̀ wọlé. Ìgbà tó bá ń bá mi jà ni ọkàn mi máa ń balẹ̀.

Mọ́tò náà ń lọ.

Birger kí ọ. Ojoojúmọ́ ló ń gbé mọ́tò pupa kọjá níwájú ilé, á sì fọn fèrè. Ó ní mo lọ ra fóònù tó ní táyà. Lánàá ní èbúté, níwájú gbogbo wọn, bí mo ṣe ń lọ ló pariwo pé, “Hallgeir, dúró o, o gbàgbé láti yọ wáyà rẹ!” Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Mo ní kó lọ fọ ẹja rẹ̀.

Ìwé ìṣirò rẹ ṣì wà lára fíríìjì. O kò fi atẹ́gùn kún un.

Kí ló dé tí o kò kan ilẹ̀kùn àwọn ẹlẹ́nu mílíìkì yẹn? Mo mọ̀ pé tèmi lo jogún. Àmọ́ èmi ní ìyá rẹ tó ń bá mi sọ̀rọ̀ fún àwọn èèyàn. Ìwọ ò tíì ní ẹnì kan, torí náà fúnra rẹ ni kí o ṣe é.

Panla ti wà nínú páálí. Okùn ni mò ń wá. Ṣé o máa wálé fún Kérésìmesì? Màmá rẹ ló béèrè.

Bàbá rẹ,
Hallgeir


Oslo,
Ọjọ́ kẹwàá, oṣù Kẹwàá

Bàbá mi, Màmá mi,

Panla wọlé ní àlàáfíà, òórùn rẹ̀ sì ṣíwájú rẹ̀ gun àtẹ̀gùn. Bí mo ṣe rẹ ẹ́ sínú omi nínú ilé ìdáná, kò pé wákàtí kan tí ilẹ̀kùn mẹ́fà fi ṣí. Ẹnì kan béèrè pé kí ló kú. Òmíràn ní kí a pe àwọn tó ń tún páìpù ṣe. Mo ní oúnjẹ ni. Wọ́n ní, “Oúnjẹ ta ni?” Ọ̀rọ̀ tí a sọ lọ́jọ́ náà ju ti ọ̀sẹ̀ méje lọ. Wọn ò jẹ ẹ́ o, àmọ́ wọ́n jókòó tì mí nígbà tí mò ń jẹ, bí ẹni tó ń wo ẹni tó fẹ́ fò láti orí àpáta.

Lọ́jọ́ kejì, kálukú tún padà sídìí mílíìkì rẹ̀.

Inú mi dùn púpọ̀ pé mọ́tò náà ń lọ dáadáa. Mo sọ fún Vibeke pé bàbá mi ní Finnmark lọ́hùn-ún, ní ìpẹ̀kun àríwá, nínú atẹ́gùn àti yìnyín, ń fi oníná gbé ìyàwó rẹ̀ gba orí òkè lọ sílé ìwòsàn, kò sì ráhùn. Ó ní irú wọn gan-an ni ilé iṣẹ́ ń wá, pé ará Oslo tí kì í wakọ̀ kọjá ṣọ́ọ̀bù, kí ni yóò sọ? Kọ̀ǹpútà ló ń ṣa nọ́ḿbà tí wọ́n ń pè, kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó máa kàn. Mo ń gbéraga díẹ̀ báyìí tí mo bá ń fún àwọn èèyàn ní nọ́ḿbà. Mo máa ń sọ nínú ọkàn mi pé bàbá mi náà wà lára yín.

Ọ̀rọ̀ Kérésìmesì: ẹ má bínú. Ìròyìn ìwádìí náà gbọ́dọ̀ jáde ní oṣù Kìíní, Vibeke sì béèrè pé ta ló lè dúró lásìkò ìsinmi. Gbogbo èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilẹ̀. Ó wá wò mí. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ “rárá” fún ẹni tó ń wo ojú ẹni. Mo ti gbà kí n tó mọ̀ pé mo ti gbà.

Ẹ fi fọ́tò Màmá ránṣẹ́ sí mi, èyí tó ti jókòó sínú mọ́tò. Mo fẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà mi.

Ọmọ yín,
Solrun


Skarvnes,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kọkànlá

Solrun,

Ó ti lé ní oṣù kan tí lẹ́tà rẹ ti dé. Iṣẹ́ wà nílé, ìjì sì ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń ti géètì ojú ọ̀nà orí òkè ní gbogbo ìgbà báyìí. A máa ń dúró kí katakata tó ń kó yìnyín tó wá, kí gbogbo mọ́tò tò tẹ̀lé e.

Màmá rẹ ní òun ò bínú nípa Kérésìmesì. Ó ní kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, mo sì ti kọ ọ́.

Kò sí fọ́tò. Irun orí rẹ̀ ti re tán, kò fẹ́ kí wọ́n ya òun.

N kò kọ “dáadáa” sínú lẹ́tà mi. Tún un kà.

Oòrùn ku ọjọ́ mẹ́wàá kó wọ̀ tán, a ò ní rí i mọ́ títí di oṣù Kìíní.

Bàbá rẹ


Oslo,
Ọjọ́ kẹfà, oṣù Kejìlá

Bàbá mi,

N kò mọ bí mo ṣe máa kí yín lónìí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun mo wà nídìí kọ̀ǹpútà. Ìdáhùn ogójì ló wà níwájú mi tí mo gbọ́dọ̀ fún ní nọ́ḿbà kí n tó lọ. Kò sí orúkọ lára wọn, kìkì nọ́ḿbà, ọjọ́ orí àti ẹkùn. Mo dé orí 412. Ọkùnrin, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta, Finnmark. Ìbéèrè kẹrin: “Ṣé mọ́tò yín tẹ́ yín lọ́rùn?” Ọmọkùnrin tó pè é fi àmì sí “Ó tẹ́ mi lọ́rùn.” Lábẹ́ rẹ̀ ló kọ ohun tí ọkùnrin náà fi ẹnu sọ gan-an sí: “Ó ń lọ.”

Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo pe Vibeke, mo ní, “Ẹ wá wò ó, ẹni yìí ti ṣì í gbọ́. Lọ́dọ̀ wa, èyí kì í ṣe ìyìn.”

Ó ní, “Mọ́tò rẹ̀ ń lọ. Kí ló tún fẹ́ kó ṣe, kó fò?”

Mo ní, “Rárá o. Tí ẹ bá bi ará ilé wa pé báwo ni ọkọ̀ ojú omi rẹ̀, tó bá ní ‘ó ń lọ’, ẹ yáa bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí ilẹ̀ wà. Ohun tó ti fẹ́ dáṣẹ́ sílẹ̀ la máa ń sọ ọ́ sí. Wọ́n bi ìyá bàbá mi bí ara ṣe rí ní Ọjọ́rú, wọ́n ní ‘ó ń lọ’. Ọjọ́ Ajé la sin wọ́n.”

Gbogbo ọ́fíìsì rẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo pa àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín nílùú yìí. Ara mi yá. Mo jókòó, mo yí àmì náà sí “Kò tẹ́ mi lọ́rùn,” mo wá sọ̀kalẹ̀ sí ìbéèrè kẹsàn-án. Ohun tó wà níbẹ̀ rèé, mo dà á kọ bó ṣe rí:

“Wọ́n ti géètì. Wákàtí mẹ́ta la fi dúró ká tó tò tẹ̀lé katakata. Bátìrì ń relẹ̀, mo bá pa hítà. Ìyàwó mi fi awọ ẹran bora. Ó ní òtútù ò mú òun. Ètè rẹ̀ ti yí àwọ̀. Tó bá ṣe tèmi, lónìí ni màá padà sí elépo. Ṣùgbọ́n ọmọ mi ló ní ká rà á, ó sì ti ṣírò rẹ̀ sórí ìwé. Ẹ má kọ ìyẹn sílẹ̀ o.”

Ọmọkùnrin náà kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Mo dìde, mo lọ ti ara mi mọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Nígbà tí mo délé, mo fa lẹ́tà yín ti oṣù Kẹsàn-án jáde. “Mọ́tò náà ń lọ.” Ìlà kan, òun nìkan, láàárín lẹ́tà. Ọ̀sẹ̀ méje péré ni mo tíì lò nílùú yìí nígbà tí mo kà á, mo sì ti kà á bí ará Oslo. Mo tún bá yín fi “dáadáa” kún un. Ẹ ní kí n tún un kà, n kò tún un kà.

N kò ní purọ́, inú yín bí mi pẹ̀lú. Ẹ sọ fún àjèjì ohun tí ẹ ò lè sọ fún mi. Ẹ jẹ́ kí òtútù pa Màmá nítorí ìwé kan tí mo fi rúlà fa ìlà sí ní orí tábìlì! Ẹni ogún ọdún ni mí, Bàbá. Kí ni mo mọ̀ nípa atẹ́gùn orí òkè?

Ẹ padà. Ẹ lọ bá Birger, kí ẹ gba mọ́tò pupa. Ẹ má wo tèmi. Mo ti rú òfin ibi iṣẹ́ bí mo ṣe kọ èyí sí yín, torí náà ẹ jọ̀ọ́, ẹ sun lẹ́tà yìí.

Bí ẹ ò bá sì ní padà, ẹ gbọ́ èyí. Obìnrin kan, nọ́ḿbà 388, máa ń gba orí òkè kan náà. Ó ní ojú iná kan wà lára ilé ẹ̀ṣọ́ géètì, lápá òsì, tí wọ́n ti fi síbẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́ kí àwọn mọ́tò elépo lè fi mú ẹ́ńjìnnì wọn gbóná. Èèyàn lè ki wáyà oníná bọ̀ ọ́. Ó ní kí èèyàn ṣáà ti béèrè ni. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní béèrè. Èmi náà ò ní béèrè.

Kí n tó kúrò lọ́jọ́ náà, Vibeke bi mí pé nọ́ḿbà wo ni mo fún 412 ní ìbéèrè kẹsàn-án. Ṣé òtútù ni àbí cháàjì? Mo ní mo ṣì ń rò ó. Àyè náà ṣì ṣófo.

Solrun


Skarvnes,
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Kejìlá

Solrun,

Mo ti sun ún. Àmọ́ Màmá rẹ ti kà á kí n tó sun ún. Inú àpótí irinṣẹ́ mi ló ti rí i. Kò sí ibi tí èèyàn lè fi nǹkan pamọ́ sí nínú ilé yìí.

Ọmọkùnrin tó pè yẹn, ohùn rẹ̀ tutù. Mo dá wà nínú ilé ọkọ̀ ojú omi, mò ń tún àwọ̀n ṣe. Ó béèrè, ó sì dákẹ́ kí n dáhùn. Kò sẹ́ni tó ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi láti ìgbà tí àìsàn yìí ti dé. Ti Màmá rẹ ni gbogbo ayé ń béèrè, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn. N kò rí ojú ọmọ náà, kò rí tèmi, ni ọ̀rọ̀ bá jáde. Tí ẹnì kan bá wà tí n kò nílò láti ṣàlàyé èyí fún, ìwọ ni.

Mo lọ bá Birger. Ilé rẹ̀ ò ju ogójì ìṣísẹ̀ lọ, ọjọ́ mẹ́rin ló gbà mí.

Mo ní, “Birger, mo fẹ́ yá mọ́tò pupa fún ìgbà òtútù yìí.”

Ó ní, “Ẹ̀n-ẹ́n! Fóònù ti kú lórí òkè.”

Mo dárúkọ Màmá rẹ, mo ní, “Nítorí Jorid ni.”

Kò ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Ó wọlé, ó mú kọ́kọ́rọ́ wá. Ó ní, “Mú un lọ. Èmi náà ò ní lò ó pẹ́.” Mo ní kí ló dé. Ó wo apá èbúté, ó rẹ ohùn sílẹ̀: “Mo ti forúkọ sílẹ̀ fún oníná. Ìyàwó mi bá yín wọ tiyín lọ sí ṣọ́ọ̀bù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kò jẹ́ kí etí mi sinmi láti ìgbà náà. Tóo bá sọ ọ́ ní èbúté, màá gé ẹ ṣe ìdẹ ẹja.”

Lọ́jọ́bọ̀, mọ́tò pupa la gbé. Hítà rẹ̀ ń mú. Wọ́n ti géètì fún wákàtí méjì, a jókòó síbẹ̀ bíi búrẹ́dì nínú ààrò. Màmá rẹ bì lẹ́ẹ̀mejì. Oògùn ni.

Nítorí náà, nọ́ḿbà tó bá wù ọ́ ni kí o fún mi. Mo ti padà.

N kò dá ọ lẹ́bi. Ìṣirò rẹ tọ̀nà. Atẹ́gùn ni kò kàwé.

Bàbá rẹ,
Hallgeir


Oslo,
Ọjọ́ kẹta, oṣù Kìíní

Bàbá mi,

Ẹ kú ọdún, ẹ kú ewu òkè. Ẹ ṣé tí ẹ lọ bá Birger. Mo mọ bí ogójì ìṣísẹ̀ ṣe gùn tó.

Ilé yìí ṣófo nígbà Kérésìmesì. Páálí mílíìkì mẹ́fà ló kù nínú fíríìjì, gbogbo wọn ti kan. Mo dà wọ́n nù, mo fọ páálí wọn, n kò mọ ẹni tí mo ń ṣe é fún. Ní ọ́fíìsì, èmi àti Vibeke la jọ wà níbẹ̀. Ó gbé kéèkì wá. Mo jẹ ẹ́, mo ní ó dára gan-an. Ó wò mí, ó ní, “Ṣé lóòótọ́ ni, àbí bíi ti Oslo?” Mo ní bíi ti Oslo ni. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Ìgbà yẹn ni mo sọ fún un pé màá lọ sílé ní ọdún Àjíǹde, ìwádìí wà o, kò sí o. Ó ní kò burú.

Mo ti ṣe 412. Mo kọ méjì sí i, òtútù. Ẹ ti di ẹni kẹwàá tó wà nínú mẹ́wàá. Ó yẹ kí ara mi fúyẹ́ lẹ́yìn tí mo kọ ọ́, àmọ́ ṣe ni ó rẹ̀ mí. Nọ́ḿbà yẹn kéré sí ohun tí ẹ sọ. Ṣùgbọ́n kí Màmá ṣáà ti móoru. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ nìyẹn.

Báwo ni ara wọn? Ẹ kọ òtítọ́, ní èdè ilé.

Solrun


Skarvnes,
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Kìíní

Ọmọ mi Solrun,

Èmi ni, kì í ṣe bàbá rẹ. Ó wà nínú ilé ọkọ̀ ojú omi, ó rò pé mo ń sùn.

Oòrùn padà lánàá. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ péré ló lò lórí omi, ó rí bí ẹyin tí wọn ò sè jinná. Àwọn ọmọ iléèwé pariwo rẹ̀, a sì jẹ búrẹ́dì oníjáàmù tí a máa ń jẹ lọ́jọ́ náà. Bàbá rẹ jẹ mẹ́ta. Ó ní kò burú jù.

Mo ti ka gbogbo lẹ́tà yín. Láti oṣù Kẹsàn-án ni ẹ̀yin méjèèjì ti ń kọ̀wé síra yín lórí mọ́tò tí èmi ń jókòó sí. Ìwọ ṣe ìṣirò, òun pa hítà, ìwọ sunkún, òun lọ gba kọ́kọ́rọ́. Kò sẹ́ni tó bi mí. Ilé iṣẹ́ yín náà, ẹni tó di ìdarí mú nìkan ni wọ́n ń bi. Ṣé ẹ ò ní nọ́ḿbà fún ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni?

Lóòótọ́, mọ́tò pupa gbóná. Ó sì ń rùn. Kí àìsàn yìí tó dé, n kò gbọ́ òórùn bẹntiróò nínú rẹ̀ rí. Pẹ̀lú oògùn tó wà lára mi báyìí, bí ẹni pé wọ́n fi epo fọ ẹnu mi ló ń rí. Kì í ṣe oògùn nìkan ló ń mú mi bì. Mo jẹ́ kí bàbá rẹ máa rò bẹ́ẹ̀, torí inú rẹ̀ dùn pé ara mi móoru. Bí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe ń gbé ayé wa nìyẹn. Àánú ara wa ni yóò pa wá.

Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá mo ní, “Gbé oníná jáde.”

Ó ní, “Jorid, òtútù.”

Mo ní, “Hallgeir, èébì.”

Ó gbé e jáde.

Wọ́n ti géètì, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Mo ní kó lọ béèrè ojú iná tí obìnrin 388 sọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tún ìbọ̀wọ́ rẹ̀ wọ̀. Ó ní, “A ò lè máa yọ ọkùnrin yẹn lẹ́nu, ẹnu iṣẹ́ ló wà.” Mo ṣílẹ̀kùn. Ó ní, “Níbo lò ń lọ?” Mo ní mò ń lọ yọ ọkùnrin lẹ́nu. Bí mo ṣe wà yìí, tí n kò ní irun lórí, tí mo fi awọ ẹran bora, mo lọ kan ilẹ̀kùn ilé ẹ̀ṣọ́. Ẹ̀ṣọ́ náà ní òun kọ́kọ́ rò pé ẹran ló ń kanlẹ̀kùn.

Mo béèrè ojú iná. Ó ní, “Ìyá, ọdún mẹ́ta rèé tí mo ti ń wo ẹ̀yin onímọ́tò oníná láti ojú fèrèsé, tí ẹ ń gbọ̀n nínú àwọn mọ́tò yín. Mo rò pé ẹ fẹ́ràn ẹ̀ ni!” Òun fúnra rẹ̀ ló fa wáyà náà. Ó gbé kọfí fún bàbá rẹ. Bàbá rẹ mu ún, ó ń wo bàtà rẹ̀.

Wákàtí méjì. Hítà ń ṣiṣẹ́, kò sí òórùn kankan. N kò bì.

Ìtọ́jú ku mẹ́rin. Ó ti rẹ̀ mí, n kò ní tàn ọ́. Ọ̀nà yẹn gùn, mọ́tò yòówù kí a gbé. Ṣùgbọ́n dókítà ní kókó náà ti kéré sí i, bí o bá sì béèrè ara mi, kò burú jù. Kà á bí ọmọ ilé.

Ó yá, kọ tèmi sílẹ̀. Obìnrin, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, Finnmark, kì í wakọ̀. Rárá, n kò ní padà sí elépo. O lè rò pé márùn-ún, mọ́tò kì í pariwo, ló yẹ kí o kọ, àmọ́ kì í ṣe márùn-ún. Wá àyè mìíràn fún un. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi jókòó ti bàbá rẹ nínú mọ́tò elépo, n kò mọ̀ pé ó máa ń kọrin wúyẹ́wúyẹ́ tó bá ń wakọ̀. Ẹ́ńjìnnì ló ti ń bò ó mọ́lẹ̀ látọjọ́ yìí. Orin tó fi ń tẹ́ ọ sùn nígbà tí o wà ní ọmọ ọwọ́ ni, èyí tó ní òun ti gbàgbé. Bí a bá ti kúrò ní géètì báyìí ló máa bẹ̀rẹ̀, ó di iwájú ilé ìwòsàn. Èmi á di ojú mi, á rò pé mo ti sùn.

Tí o bá dé ní ọdún Àjíǹde, ẹ̀yìn mọ́tò ni kí o jókòó sí, kí o gbọ́ fúnra rẹ. Ṣùgbọ́n má sọ fún un. Bó bá mọ̀ pé a ń gbọ́, á dákẹ́.

Màmá rẹ,
Jorid